Ìpele Méje Olúmirin àti Abúlé Inú Ìkùukùu

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kì í kọjá ìpele kìíní. Wọ́n á dúró sí ẹsẹ̀ àpáta, wọ́n á jẹ́ kí omi ta sí wọn lára, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì padà sídìí ọkọ̀. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni, torí ìpele kìíní nìkan tó ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n ìpele mẹ́fà ṣì wà lókè, ọ̀kan lórí èkejì. Lẹ́yìn ìpele keje, níbi tí ọ̀pọ̀ àlejò rò pé igbó kìjikìji ló kù, abúlé wà níbẹ̀. Abákẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ènìyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń dáná, wọ́n ń tọ́ ọmọ, lórí òkè tí ìkùukùu máa ń bò mọ́lẹ̀ títí oòrùn yóò fi mú. Ìsàlẹ̀ wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òkè ti wọ ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Omi tí wọ́n ń wò nísàlẹ̀ yẹn, ọwọ́ òkè ni ìyè rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Olúmirin ní láti mọ àpáta tó ń gbà á sọ̀ kalẹ̀, kí ó mọ ìkùukùu tó ń rìn lórí rẹ̀, kí ó sì mọ àwọn tó ń roko níbi tí odò náà ti ń ṣàn kí ó tó já.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn yóò gba Ilé-Ifẹ̀ kọjá sí Iléṣà, yóò wá kọjú sí ọ̀nà Àkúrẹ́. Ní Ìwàràjà, títì pín sí méjì. Ọ̀kan gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Adó-Èkìtì, èkejì ń bá a lọ sí Àkúrẹ́. Ti Àkúrẹ́ yìí ni ènìyàn yóò tẹ̀lé dé ìyànà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tó wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríadé. Láti ojú títì dé ibi omi kò ju nǹkan bíi kìlómítà 2 lọ. Kí ọkọ̀ tó yà rárá ni òkè náà ti máa ń hàn lókèèrè, ó gùn gbọọrọ, igi bò ó látòkè délẹ̀, àwọsánmà sì lè gùn ún lórí títí di agogo mẹ́wàá òwúrọ̀.

Òkè gígùn yìí, tí wọ́n ń pè ní òkè Ẹ̀fọ̀n, kò dúró sí Ẹ̀rìn. Ó na ara lọ sí àríwá títí dé agbègbè Òkè-Mẹ̀sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀, tí Ògèdèǹgbé Iléṣà jẹ́ balógun wọn, ti kojú ogun Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893. Ẹni tó bá ti gun apá kan rẹ̀ rí kò ní béèrè ìdí tí ogun náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òkè a máa gbe ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá wá ká a mọ́bẹ̀ láìmọ ọ̀nà ni yóò jìyà.

Ìtàn ìlú Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà sọ pé Akinlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà lóbìnrin, ló tẹ ìlú náà dó, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ rí omi náà nígbà tí wọ́n ń ṣí bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀. Ọdún 1140 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i. Ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu baba ńlá kì í sábà ní ọdún nínú, nítorí náà ó dára kí àlejò di ìtàn náà mú ju ọdún rẹ̀ lọ. Kókó ibẹ̀ ni pé àwọn tó dé rí omi ńlá tó ń ti ojú àpáta bọ̀, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀wọ̀ yẹn kò tíì tán. Wọ́n ṣì ń bọ Olúmirin lọ́dọọdún, àwọn tó gbà pé omi náà ń wo àrùn sì ṣì ń bù ú lọ sílé nínú ike.

Àwọn onígbàgbọ́ náà ní ìpín tiwọn nínú òkè yìí. Ní 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tó gbọ́ ìpè Ọlọ́run láti di ajíhìnrere, nítòsí Ìkejì-Arákejì, ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà yìí kan náà. Ní 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, èrò wọ́ wá láti ibi gbogbo, wọ́n ru omi wá kí Babalọlá gbàdúrà sí i. Nígbà tó kú ní 1959, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n sin ín sí, lórí òkè níbẹ̀. Ohun tó dá ọ̀rọ̀ omi àti òkè pọ̀ lọ́kàn àwọn ará ibẹ̀ ti pẹ́ ju ẹ̀sìn kan ṣoṣo lọ. Ìdí nìyẹn tí àlejò fi lè bá ẹni tó ń wúre àti ẹni tó ń kọ orin Hàlelúyà pàdé lórí àpáta kan náà, láìsí ìjà.

Báwo wá ni omi kan ṣe di ìpele méje?

Àpáta ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó wà ní Ìdànrè tàbí ní Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Àwọn yẹn jẹ́ òkúta gíránáìtì, tó yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀, tó sì tutù di líle níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lórí òkè Ẹ̀fọ̀n ni kúátsáìtì. Yanrìn ni kúátsáìtì tẹ́lẹ̀. Omi àtijọ́ kó yanrìn jọ, ilẹ̀ mìíràn wá bò ó, ó rì lọ sísàlẹ̀ gan-an, ìwọ̀n ohun tó wà lórí rẹ̀ àti ooru inú ilẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo hóró yanrìn náà fi lẹ̀ mọ́ra, tí kò sí àlàfo láàárín wọn mọ́. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún tí iṣẹ́ yẹn ti parí. Kò sí òkúta púpọ̀ tó le tó o. Òjò kì í yọ́ ọ, ooru kì í sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ tó yí i ká ń jẹrà, tí òjò ń gbá a lọ sí odò, kúátsáìtì dúró. Òkè gíga náà kò hù láti inú ilẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tó kù lẹ́yìn tí gbogbo ohun tó rọ̀ jù ú lọ ti lọ ni.

Ṣùgbọ́n kúátsáìtì yìí kò dá wà. Láàárín rẹ̀ ni àwọn ìpele òkúta mìíràn wà, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní ṣíìsì, tó kún fún máíkà, ìyẹn ohun wínníwínní tó máa ń tàn yanranyanran lójú oòrùn. Ṣíìsì rọ̀. Ó ń ṣí ní abala-abala, omi sì rọrùn fún láti wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí ilẹ̀ mì, tó sì tẹ̀ ní ayé àtijọ́, òkúta líle náà là, ó ní pàlàpálá púpọ̀ tó gùn wọnú àpáta.

Odò kékeré tó ń ti òkè bọ̀ kò ní irinṣẹ́ mìíràn ju òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn tó ń gbé dání lọ. Níbi tó bá ti kan pàlàpálá tàbí òkúta tó rọ̀, ó ń gbẹ́ ẹ wọlé kíákíá. Níbi tó bá ti kan èyí tó le, ó ń kọjá lórí rẹ̀ láìrí i ṣe, títí yóò fi dé etí rẹ̀, á sì já. Ibi tó já sí nísàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Òkúta inú omi ń yí po níbẹ̀, wọ́n ń lọ ilẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ kòtò, ìyẹn ni adágún tí àwọn èwe máa ń wẹ̀ nínú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ ìpele kìíní. Bí kòtò yẹn bá ti jẹ abẹ́ àpáta tó, apá kan àpáta òkè á wó lulẹ̀. Àwọn òkúta ńláńlá tí àlejò ń jókòó lé níbẹ̀ láti jẹun, inú àpáta tó wà lókè orí wọn ni púpọ̀ nínú wọn ti já bọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ibi tí omi ti ń já kì í dúró sójú kan. Ó ń fà sẹ́yìn lọ sí òkè, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún.

Bí òkúta líle àti èyí tó rọ̀ bá wá tò lé ara wọn, tí pàlàpálá sì gé wọn sọ́tọ̀, odò kan ṣoṣo yóò já, yóò rìn díẹ̀, yóò tún já. Méje ni wọ́n kà ní Ẹ̀rìn. Wọn kò ga bákan náà, wọn kò sì rí bákan náà. Ìpele tó wà nísàlẹ̀ ló gba èrò jù lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ti gùn ún kọjá ìkẹta sábà máa ń sọ pé òkè ni ẹwà rẹ̀ wà, torí ariwo ti dínkù níbẹ̀, ènìyàn sì lè gbọ́ bí omi ṣe ń yí ohùn padà láti ìpele kan sí òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìkùukùu tún yàtọ̀, ó sì tọ́ kí a tò ó dáadáa, torí ohun funfun tó ń bo òkè yẹn kì í ṣe ohun kan ṣoṣo.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti ìgbà òjò. Láti nǹkan bí Oṣù Kẹrin títí dé Oṣù Kẹwàá, atẹ́gùn láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn máa ń fẹ́ wọ ilẹ̀ Yorùbá láti orí òkun Àtìláńtíìkì, ó sì kún fún ọ̀rinrin tí ojú kò rí. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ń rìn lọ bó ṣe wù ú. Nígbà tó bá dé ìdí òkè Ẹ̀fọ̀n, kò sí ibòmíràn tó lè gbà ju òkè lọ. Atẹ́gùn tó bá ń gòkè máa ń tutù, nǹkan bíi dígírì 1 fún mítà 100 kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi débi tí kò ti lè gbé gbogbo ọ̀rinrin rẹ̀ dání mọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀rinrin yẹn yóò ti di ẹ̀kán omi kéékèèké, bí ooru inú ìkòkò ṣe ń di omi lára ìdérí. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ní Ẹ̀rìn yóò gbójú sókè, yóò ní àwọsánmà bo orí òkè. Ẹni tó wà ní abúlé òkè yóò ṣílẹ̀kùn, kò ní rí ilé aládùúgbò rẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ ló burú jù fún èyí, nígbà tí òjò lè dákẹ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n tí oòrùn kì í sábà ráyè yọjú.

Èkejì ni kùrukùru àfẹ̀mọ́jú, tó wọ́pọ̀ nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ojú ọ̀run á mọ́ lóru, ooru ilẹ̀ á sá lọ sókè, ilẹ̀ á tutù, atẹ́gùn tó sún mọ́ ilẹ̀ náà á tutù pẹ̀lú rẹ̀, á sì rọra ṣàn lọ sínú àfonífojì. Èyí máa ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ bò nígbà tí òkè mọ́ kedere. Ẹni tó bá sùn lókè lóru ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò jí rí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bí òkun funfun, tí orí àwọn òkè mìíràn ń yọ jáde nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá ti lé díẹ̀, ó ti pòórá.

Nígbà tó bá di Oṣù Kejìlá tàbí Oṣù Kìíní, ọyẹ́ á dé, ọ̀pọ̀ àlejò á sì rò pé ìkùukùu náà nìyẹn. Kì í ṣe òun. Ọyẹ́ kò ní omi nínú. Eruku ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ, tí atẹ́gùn àríwá ìlà-oòrùn sì ń hó ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbé káàkiri. Ìkùukùu ń mú ara rin. Ọyẹ́ ń la ètè. Fún ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, ọyẹ́ ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, torí kì í ká bí oòrùn bá mú.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìgbà tí ènìyàn bá lọ ṣe pàtàkì. Láàárín Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án, omi á pọ̀, á ga, á dún lókèèrè, ṣùgbọ́n àpáta á yọ̀, àwọn ìpele òkè sì lè má ṣeé dé rárá. Ní Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta, ọ̀nà á gbẹ dáadáa, àmọ́ omi á ti rù. Ìparí Oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá ló dára jù, torí omi ṣì wà, ilẹ̀ ti ń gbẹ, òwúrọ̀ ṣì ní kùrukùru, ọyẹ́ kò sì tíì bo gbogbo rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó gbóná ni kí ènìyàn ti dé ẹnu géètì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó ìwọlé, níbẹ̀ náà sì ni àlejò ti ń rí afinimọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ dúró sí ìpele kìíní lè máà nílò wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òkè lọ́kàn kò gbọ́dọ̀ dá a gùn. Kí wọ́n dúnàádúrà kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, kí wọ́n sì jọ fẹnu kò lórí bóyá ìpele kẹta ni, tàbí keje, tàbí abúlé, torí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bàtà kánfáàsì tí ìdí rẹ̀ ṣì ní ehín ló dára. Sálúbàtà ò dára, bàtà aláwọ ò dára, ẹsẹ̀ lásán náà ò dára fún ẹni tí kò bá dàgbà síbẹ̀. Ṣòkòtò gígùn á gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀gún àti kòkòrò. Fóònù àti owó, inú ọ̀rá ni kí wọ́n wà, kí a so ó le. Oúnjẹ tó bá lè wọ inú àpò kékeré ni kí a mú lọ, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gààrí díẹ̀, nítorí ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣófo.

Ní ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn wà fún ẹsẹ̀ láti tẹ̀. Bí ènìyàn ṣe ń lọ sókè, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn ń dínkù, ilẹ̀, gbòǹgbò igi àti ojú àpáta ló ń gba ipò rẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ ju ẹsẹ̀ lọ. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀. Má tẹ àpáta tó bá ní ohun tútù aláwọ̀ ewé lára, bó ti wù kó rí pẹrẹsẹ tó. Má di igi mú láìkọ́kọ́ mì ín wò, torí ọ̀rinrin ń jẹ igi láti inú. Ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú ni kí o máa wò. Ìpele kejì sí ìkẹta máa ń mú kí ẹ̀mí já fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì sí ìtìjú nínú kí àgbàlagbà tàbí ẹni tí orúnkún ń dùn jókòó síbẹ̀, kí ó gbádùn tirẹ̀, kí àwọn yòókù bá a nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀.

Ewu kan wà tí kì í fi ara hàn ṣáájú, òun ló sì yẹ kí a tẹnu mọ́ jù. Òjò lè máa rọ̀ lórí òkè nígbà tí oòrùn ń ràn ní ìpele kìíní. Omi òjò yẹn kì í pẹ́ kó tó dé, torí àpáta kò mu ún, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ni ilẹ̀. Bí omi bá kàn ṣàdédé pọ̀n, tí ewé àti igi wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, tí ariwo rẹ̀ sì yí padà, kí gbogbo ènìyàn jáde nínú adágún lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n bọ́ sí ibi gíga. Afinimọ̀nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wo òkè léraléra. Bí ó bá ní ká padà, kí ẹnikẹ́ni má bá a jiyàn nítorí owó tó ti san. Àti pé kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ kí agogo mẹ́ta ọ̀sán tó lù, nítorí abẹ́ igi máa ń ṣókùnkùn ṣáájú ìta gbangba, sísọ̀ sì nira ju gígùn lọ fún ẹni tó ti rẹ̀.

Ẹni tó bá kọjá ìpele keje yóò rí i pé ilẹ̀ tẹ́ díẹ̀, igbó ń di oko. Kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò, ọ̀pẹ àti obì ni irú ilẹ̀ òkè bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn. Àlejò tó wá wo ìkùukùu máa ń rí ẹwà nínú rẹ̀. Ó tọ́ kí ó mọ ohun tó ń ná ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.

Kòkó fẹ́ ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú náà fẹ́ ọ̀rinrin. Phytophthora ni àwọn onímọ̀ ń pe ohun tó ń fà á. Ó ń fi ẹ̀kán omi rìn láti orí èso kan sí òmíràn, ó sì gbilẹ̀ jù nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù, tí ewé kò gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ìyẹn àkókò ìkùukùu yẹn gẹ́lẹ́. Àgbẹ̀ á máa fín oògùn tó ní kọ́pà nínú, á máa gé ẹ̀ka kí atẹ́gùn lè wọlé, á máa ká èso tó ti dú kúrò kó tó ran àwọn tó kù. Àwọn onímọ̀ ní Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Síbẹ̀, bí àgbẹ̀ bá borí àrùn, gbígbẹ ṣì ń bẹ níwájú. Kòkó tó ti wà lábẹ́ ewé fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà gbọ́dọ̀ rí oòrùn, bí kò bá rí i, á bu, ẹni tó ń rà á á já owó rẹ̀ wálẹ̀. Lórí òkè tí oòrùn kì í ti í yọ kó tó di ọ̀sán, àgbẹ̀ lè tẹ́ kòkó kó tún palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Bákan náà ni èlùbọ́, bákan náà ni ata, bákan náà ni aṣọ ọmọ lórí okùn. Iná ìdáná kì í kú nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, torí àjà tó wà lókè iná ni ohun gbogbo ti ń rí ooru.

Nítorí náà, àlejò kò gbọ́dọ̀ wọ abúlé bí ẹni wọ ọjà. Kí ó kí ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé, “Ẹ kú iṣẹ́ o” fún ẹni tó wà lóko, “Ẹ kú ilé o” fún ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó tẹrí ba fún àgbà, kí obìnrin kúnlẹ̀, ibi yòówù kí ó ti wá. Kí afinimọ̀nà mú un lọ kí ẹni tó jẹ́ àgbà ibẹ̀, kí ó sọ ohun tó bá wá. Wọ́n á ní “Ẹ kú ìrìn”, wọ́n á bu omi fún un, ìgbà yẹn ni kí ó tó béèrè bóyá òun lè ya fọ́tò. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ó gbà. Bí wọ́n bá ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí obì, kí ó rà, kí ó má sì fi ẹnu já a wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí ẹni tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn jáde láti inú oko gun òkè ju àlejò lọ.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀wọ̀ yìí fi tọ́ sí wọn. Olúmirin kì í gbẹ tán nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kì í sì í ṣe àpáta nìkan ló ń ṣe é. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè kì í lọ tán lọ́jọ́ kan. Ewé ń gbà á dúró, ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lábẹ́ igi ń mu ún, ó ń wọ inú pàlàpálá àpáta, ó ń pamọ́ síbẹ̀, ó sì ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀ ní oṣù tí òjò kò sí. Igi òkè náà tún ń gba ẹ̀kán omi lára ìkùukùu fúnra rẹ̀, tí yóò máa ro sílẹ̀ láìsí òjò. Bí wọ́n bá gé igbó yẹn, omi ìgbà òjò yóò máa ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ẹrẹ̀, ti ẹ̀ẹ̀rùn á sì tín-ín-rín. Àgbẹ̀ tó bá gbin kòkó sábẹ́ igi ńlá, tí kò bó ilẹ̀ ní ìhòòhò, ń ṣọ́ omi tí àwọn ará ìlú ńlá ń wá wẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń san owó ìṣọ́ fún un. Ó yẹ kí àwọn tó ń gba owó ní ẹnu géètì àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ méjèèjì ro èyí, torí ààlà Ọ̀ṣun àti Èkìtì tó wà lórí ìwé kò gé odò sí méjì. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó dára tó dé òkè, okùn tàbí irin ìdìmú níbi tó ti yọ̀ jù, àti ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí, ìwọ̀nyí á ṣe é láǹfààní ju kí wọ́n tún da símẹ́ńtì sí ìpele kìíní lọ. Ní ti àlejò, ọ̀rá omi tó bá mu kó fi sápò. Ohun tí ó bá jù sí ìpele keje, ìpele mẹ́fà ni yóò gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń wẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ kejì lè fi mọ ẹ̀yìn òkè náà. Kí ó sùn ní Iléṣà tàbí ní Ẹ̀fọ̀n, kí ó jẹ iyán, kí ó wá kọjá sí apá ìlà-oòrùn, sí Ìpólé-Ìlórò níbi tí omi Àríǹta ti ń já láti inú igbó, àti sí Ìkògòsì tí kò jìnnà síbẹ̀. Ní Ìkògòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé. Òjò kan náà ló ń bọ́ wọn. Èyí tó gba pàlàpálá àpáta wọlẹ̀ jìnnà dé ibi tí ilẹ̀ ti gbóná ló padà wá pẹ̀lú ooru, èyí tí kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ jáde ní tútù. Aago méje òwúrọ̀ ló dára jù láti débẹ̀, kí ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkè ṣì tutù débi pé èéfín máa ń rú lára omi gbígbóná náà.